Bí A Ṣe Ń Bu Oúnjẹ fún Ẹni Tó Ní Àtọ̀gbẹ

Lẹ́yìn tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé èèyàn ní àtọ̀gbẹ, ìbéèrè tó sábà máa ń kọ́kọ́ bi dókítà ni pé, oúnjẹ wo ni òun kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn mọ́? Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ èyí tó wúlò jù ú lọ ni bí yóò ṣe máa bu oúnjẹ rẹ̀, nítorí pé bí oúnjẹ ṣe pọ̀ tó àti ohun tí a jẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ ló ń pinnu bí ṣúgà yóò ṣe ga tó nínú ẹ̀jẹ̀.

Gbogbo oúnjẹ afáralókun, irú bí ìrẹsì, búrẹ́dì, ànàmọ́ àti àgbàdo, ló máa ń di ṣúgà nígbà tó bá dà nínú wa. Insulin, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè, ló ń jẹ́ kí ṣúgà yìí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kó sì wọ inú ẹran ara, níbi tí yóò ti di agbára. Ara ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní kì í pèsè insulin mọ́, tàbí kó jẹ́ pé díẹ̀ kíún ló ń pèsè. Ní ti oríṣi kejì, èyí tó wọ́pọ̀ jù, insulin wà, ṣùgbọ́n ara kì í lò ó bó ṣe yẹ, nígbà tó bá sì yá, kì í tó mọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó ti jáwọ́ nínú fífi ṣúgà sí tíì, àmọ́ tó ń bu ìrẹsì kún àwo bámúbámú, fi máa ń ṣe kàyéfì nígbà tí ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò bá gbé iye ńlá jáde.

Àwo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá àwo pẹrẹsẹ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 23, kí ẹ fojú pín in sí méjì, kí ẹ sì tún pín ìdajì kan sí méjì. Ẹ̀fọ́, kábéèjì, tòmátò, kùkúḿbà àti irú wọn ni kó gba odindi ìdajì kan. Ẹja, adìẹ tí ẹ ti bó awọ rẹ̀, ẹyin tàbí ẹ̀wà ni kó wà ní ìdá mẹ́rin kan, kí oúnjẹ afáralókun sì gba ìdá mẹ́rin tó kù. Ẹ̀fọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bù o. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ẹni tó bá ti kọ́kọ́ bu ìrẹsì kì í ráyè fún ẹ̀fọ́ mọ́. Ìrẹsì àti búrẹ́dì tí wọn kò bó èèpo ọkà rẹ̀ kúrò dára ju funfun lọ, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin náà ni ààyè tiwọn.

Nígbà tí ẹ bá jókòó sídìí oúnjẹ, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja ṣáájú, kí ẹ fi afáralókun kádìí rẹ̀. Apá oúnjẹ tí ikùn kì í lè lọ̀, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀fọ́, máa ń fà á kí ṣúgà rọra wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dípò kó ya wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun mímu ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ fọwọ́ tó le jù lọ mú. Agolo ẹlẹ́rìndòdò tó jẹ́ mílílítà 330 sábà máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 35 ṣúgà, ìyẹn ṣíbí kékeré bíi mẹ́sàn-án, kò sì sí ohun tí yóò dá a dúró kó tó dénú ẹ̀jẹ̀. Omi èso kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, kódà bí ẹ bá fún un fúnra yín. Ẹ kúkú jẹ èso náà lódindi, ní ìwọ̀nba. Ṣúgà ni oyin náà. Omi ló dára jù.

Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, nítorí pé iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀. Kí iyọ̀ má sì ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́, torí ọkàn àti kíndìnrín.

Àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin, tàbí tó ń lo oògùn tó ń mú kí ara tú insulin jáde, kò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ sílẹ̀ láìjẹ, nítorí ṣúgà lè lọ sílẹ̀ jù. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tí ọkàn ń lù kìkì, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ṣúgà bá wà lábẹ́ 70 mg/dL, ìyẹn 3.9 mmol/L lórí ẹ̀rọ tó ń lo ìwọ̀n kejì yìí, ẹ mu ìdajì ife omi èso tàbí kí ẹ lá ṣíbí ìjẹun kan ṣúgà, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò; bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún un ṣe. Ibi tí ẹlẹ́rìndòdò ti wúlò nìyí. Bí ẹni náà bá ti dákú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n sáré gbé e lọ.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ iye tí ẹ̀rọ gbé jáde ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn wákàtí méjì sínú rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ẹ jẹ. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò lóyún, 80 sí 130 mg/dL ló dára ṣáájú oúnjẹ, kó má sì tó 180 lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ dókítà yín lè yàn yàtọ̀ fún yín. Ẹ mú ìwé náà dání lọ rí i, nítorí pé bí oúnjẹ ṣe ń yí padà, ó lè pọn dandan kí dókítà dín oògùn kù, iṣẹ́ rẹ̀ sì nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ẹ máa fọwọ́ ara yín ṣe nílé.