Bí Ẹ Bá Fẹ́ Bá Ọmọ Yín Jẹun Ọ̀sán Nílé Ìwé Amẹ́ríkà

Ní Ìkòròdú, bí ọmọ bá gbàgbé oúnjẹ sílé, kì í di wàhálà. Ìyá ẹ̀ á gbé fúláàsìkì, á wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Sábó, á kí méégáàdì lẹ́nu géètì, ó di inú kíláàsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹrù lọ sí Amẹ́ríkà tẹ̀yin tọmọ, ìyẹn ò ṣeé ṣe lọ́hùn-ún. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ rí òbí o. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń gbà kí òbí wá bá ọmọ jẹun ọ̀sán, ó sì dára kí ẹ lọ, pàápàá ní ọdún àkọ́kọ́.

Kò sí òfin kan ṣoṣo tó kárí orílẹ̀-èdè náà lórí èyí. Àjọ tó ń darí ilé ìwé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tiẹ̀, nítorí náà ẹ pe ọ́fíìsì ilé ìwé kí ẹ tó jáde nílé. Àwọn kan kì í gba àlejò lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tàbí lásìkò ìdánwò. Bí ẹ bá débẹ̀, ilẹ̀kùn á wà ní títì. Ẹ tẹ aago, ẹ sọ orúkọ yín àti ti ọmọ. Wọ́n á gba káàdì ìdánimọ̀ yín, ọ̀pọ̀ á sì fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ yín wà lára àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi pé wọ́n fipá bá èèyàn lò pọ̀ tàbí ba ọmọdé jẹ́. Ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo àlejò nìyẹn. Ẹni tí kò tíì ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀, kó mú pásípọ́ọ̀tù dání. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún yín ní sítíkà, ẹ lẹ̀ ẹ́ máyà.

Orúkọ tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù nígbà tí ẹ fi ọmọ síléèwé ni wọ́n mọ̀. Màmá àgbà tó ti Èbúté Ìkòròdú wá bá yín wẹ ọmọ tuntun, bí orúkọ wọn ò bá sí níbẹ̀, wọn ò ní pe ọmọ jáde fún wọn, àní kí wọ́n máa ki oríkì ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ tètè fi orúkọ wọn kún un.

Àsìkò ò pọ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, títò lórí ìlà sì wà nínú ẹ̀. Nítorí pé yàrá ìjẹun kan náà ni gbogbo wọn ń lò, kíláàsì mìíràn á ti máa jẹ ọ̀sán ní 10:45 àárọ̀. Bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀, tábìlì ni ẹ ó bá wọn tí wọ́n ń nù.

Ẹ lè gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ yín. Ìrẹsì, dòdò, ìkọ́kọrẹ́ pàápàá, ẹ ṣáà gbé e gbóná látilé. Ibi tó máa ń nira fún wa ni ìgbà tí ọ̀rẹ́ ọmọ bá jókòó tì í, tó ń wo àwo, tó ń béèrè pé kí nìyẹn. Nílé wa, ẹ ó ti bù fún un kó tó sọ̀rọ̀ tán, torí ahun ló ń jẹun lójú ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́hùn-ún, ẹ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ dá a lóhùn, ẹ má bù fún un. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀pà, ẹyin tàbí edé díẹ̀ lè mú kí ọ̀fun wọn wú, kí èémí sì há. Ẹ ò mọ èwo nínú wọn ni, edé lílọ̀ inú ọbẹ̀ yín ò sì hàn sójú. Ilé ìwé mìíràn ò tiẹ̀ fẹ́ rí ẹ̀pà rárá, ẹ fi kúlíkúlí sílé. Fọ́tò ńkọ́? Ọmọ tiyín nìkan, bí wọ́n bá gbà á láàyè.

Bó bá jẹ́ oúnjẹ ilé ìwé lọmọ ń jẹ, ètò ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti 1946 ló ń gbé e ró. Ní ọ̀pọ̀ ibi, nínú oríṣi oúnjẹ márùn-ún, ó kéré tán ọmọ gbọ́dọ̀ mú mẹ́ta, kí èso tàbí ẹ̀fọ́ sì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi máa rí odindi ápù nínú garawa ìdọ̀tí. Àgbàlagbà ń sanwó tiẹ̀. Ní ti ọmọ, ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò bá ju 130 nínú ọgọ́rùn-ún òdiwọ̀n òṣì tí ìjọba gbé kalẹ̀ ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ibẹ̀ dé 185, owó ọ̀sán kò gbọdọ̀ ju 40 sẹ́ǹtì lọ. California, Maine àti Minnesota kì í gbowó oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé ìjọba kankan. Fọ́ọ̀mù tí ẹ ó fi tọrọ oúnjẹ ọ̀fẹ́ tàbí ti owó pọ́ọ́kú yìí kì í béèrè fisà. Ó ń béèrè nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú Social Security, ìyẹn nọ́ḿbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún èèyàn, ti ẹni tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò ní, àyè wà tí á ti sàmì pé òun ò ní.

Àmọ́ oúnjẹ kọ́ ni kí ẹ torí ẹ̀ lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìkòròdú lè má sọ nílé pé òun nìkan lòun ń dá jókòó. Ẹ wo ẹni tó ń pè é mọ́ra. Ẹ wo bóyá gbangba ló ń ṣí fúláàsìkì, àbí ó ń fi ọmọrí bo ẹ̀wà, tó ń yọ́ ọ jẹ, torí wọ́n ti sọ fún un pé ó ń rùn. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé orí ẹ̀rọ sí tíṣà lálẹ́, ẹ tọrọ ọjọ́ tí ẹ lè jọ sọ̀rọ̀, torí wọn kì í sábà gbà kí òbí bá wọn dé kíláàsì lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ọmọ kékeré bá ń sunkún nígbà tí ẹ fẹ́ máa lọ, ẹ má fà á gùn. Ẹ fà á lé tíṣà lọ́wọ́, ẹ gba ọ́fíìsì jáde, ẹ sì fọwọ́ síwèé pé ẹ ti lọ.