Bí Àjọ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Ṣe Lè Fi Òfin Ìgbàwọlé Gbé Ìjọba Tiwantiwa Ró

Kí àjọ tó gba orílẹ̀-èdè kankan wọlé ni kí ó ti kọ ohun tí ó ń béèrè sílẹ̀, nítorí agbára tí ó ní lórí ẹni tí ó ṣì ń tọrọ àyè kò sí lórí ẹni tí ó ti jókòó tán. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1993, àwọn olórí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fẹnu kò ní Copenhagen pé orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ darapọ̀ mọ́ wọn gbọ́dọ̀ ní ètò ìṣèjọba tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ó sì ń dáàbò bo ìjọba tiwantiwa, òfin, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké. Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ ó gbòòrò. Ẹ sọ ọ́ di ìbéèrè tí a lè lọ wádìí: ta ni ó ń yan adájọ́, ta ni ó sì lè yọ ọ́? Ǹjẹ́ ìjọba máa ń tẹ̀lé ìdájọ́ tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn?

Ẹ má fi èsì ìwádìí náà pamọ́. Ní ọdún 1997, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìṣọ̀kan náà kọ ọ́ síta gbangba pé Slovakia, lábẹ́ olórí ìjọba rẹ̀, Vladimír Mečiar, kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ẹjọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó hàn kedere: aṣòfin František Gaulieder fi ẹgbẹ́ Mečiar sílẹ̀, ilé aṣòfin gba àga rẹ̀, ilé ẹjọ́ tí ó ń tú òfin orílẹ̀-èdè dá a láre, síbẹ̀ wọn kò dá a padà. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1998, àwọn alátakò para pọ̀ gba ìjọba, Slovakia sì wọlé ní 2004. Àwọn ará ìlú ni wọ́n dìbò, kì í ṣe àjọ. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn.

Nínú ìjíròrò ìgbàwọlé, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ àti ẹ̀tọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, òun náà ni kí ẹ tì kẹ́yìn. Báyìí ni Yúróòpù ń ṣe láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò pẹ̀lú Montenegro ní 2012.

Ibi tí iṣẹ́ ti le jù ni ẹ̀yìn ìwọlé. Lábẹ́ Abala 7 ìwé àdéhùn Ìṣọ̀kan Yúróòpù, a lè gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ ẹni tí ó yapa, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn yòókù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan pé ó rú òfin. Wọ́n gbé e dìde sí Pólàńdì ní 2017 àti sí Húngárì ní 2018. Àwọn méjèèjì ṣèlérí láti gbèjà ara wọn, ọ̀rọ̀ sì dúró síbẹ̀. Lójú tèmi, ìjìyà tí ẹnì kan ṣoṣo lè dí lọ́nà kì í ṣe ìjìyà. Ẹ so ó mọ́ owó, kí ọ̀pọ̀ ìbò sì tó láti pinnu rẹ̀. Òfin bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, nígbà tí ó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n dá nǹkan bí bílíọ̀nù 6.3 owó Yúrò tí ó tọ́ sí Húngárì dúró.

Àjọ náà gbọ́dọ̀ mú ìlérí tirẹ̀ ṣẹ. North Macedonia yí orúkọ padà ní 2019 kí Gíríìsì, tí kò fara mọ́ orúkọ rẹ̀ àtijọ́, lè yọ̀ǹda kí ó wọlé, Bùlùgáríà tún dí i lọ́nà ní 2020 nítorí àríyànjiyàn lórí èdè àti ìtàn. Olóṣèlú wo ni yóò tún fi ipò rẹ̀ wewu fún àtúnṣe lẹ́yìn irú èyí? Ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé aáwọ̀ àárín orílẹ̀-èdè méjì kò gbọ́dọ̀ wọ inú ohun tí a fi ń gbani wọlé.