Kẹ̀kẹ́ wà lórí pádì, iná ò wọlé: ìbéèrè àwọn awakọ̀ àti ìdáhùn láti Lagere

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí àwa mẹ́ta tí a jọ ń ṣiṣẹ́ iná ní Lagere, Ilé-Ifẹ̀, ti sin pádì kan sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lo bátìrì á gun orí rẹ̀, awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ ẹ̀wà, iná á sì máa wọ bátìrì láìsí wáyà kankan láàárín ilẹ̀ àti ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ló ń lò ó báyìí. Nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń sá wá. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú ti ìyá kan tó máa ń wọ kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́jà, àti ti alága gáréèjì kan tó pè mí láti Iléṣà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo gun orí pádì láàárọ̀ yìí, mo dúró fún bí ìdajì wákàtí, iná ara mítà kò tàn, bátìrì kò sì gòkè rárá. Ṣé pádì ti bàjẹ́ ni?

Àbúrò, pádì kì í ṣàdédé bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo bá gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, ibi tí kẹ̀kẹ́ dúró sí ni àìsàn wà. Jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á lè tún un ṣe fúnra rẹ̀ kí n tó dé.

Wáyà bàbà tí a ká bí òṣùká ló wà nínú ilẹ̀. Irú òṣùká bẹ́ẹ̀ kan náà wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ. Iná tí a ń rán sínú ti ilẹ̀ kì í dúró lójú kan, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ní nǹkan bí ìgbà 85,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Lílọ-bíbọ̀ yẹn ló ń bí agbára òòfà tó ń yọ sókè láti ilẹ̀. Òṣùká abẹ́ kẹ̀kẹ́ á gbà á, á sì sọ ọ́ di iná padà. Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ló ṣàwárí ọgbọ́n yìí ní London lọ́dún 1831. Ṣùgbọ́n òòfà yìí kì í rìn jìnnà. Bí ẹni ń da epo láti inú garawa sínú ìgò ni: bí ẹnu ìgò bá yẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ ló mu epo.

Nígbà tí mo dé ìdí kẹ̀kẹ́ rẹ láàárọ̀, mo tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì, mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀. Táyà iwájú wà lórí ìlà funfun gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìdí kẹ̀kẹ́ ti yà sápá gọ́tà. Òṣùká tirẹ kò sì sí níwájú. Àárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì ló wà, lábẹ́ àga èrò. Ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì yẹ̀ kúrò lórí ti ilẹ̀. A jọ tì í díẹ̀, ìwọ fúnra rẹ rí i pé iná mítà ti tàn kí a tó yọwọ́. Láti òní lọ, ẹ̀yìn ni kí o máa wò bí o bá ń gùn ún.

Ohun kejì ni gíga. Sẹ̀ntímítà 12 ni a ṣe tiwa fún. Mo gé ẹyọ ìgbálẹ̀ kan sí ìwọ̀n yẹn, mo so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mú un, kí o fi sábẹ́ kẹ̀kẹ́ ní òòró: bó bá tẹ̀, òṣùká ti sún mọ́ ilẹ̀ jù, bí ààyè tó kù lórí rẹ̀ bá gba ìka méjì, ó ti ga jù. Kẹ̀kẹ́ tó ru àpò gàrí máa ń wálẹ̀, tó bá sì ṣófo lálẹ́, sípíríǹgì á gbé e sókè. Táyà kan tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ á mú kí gbogbo ara rẹ̀ fì sápá kan. Fún táyà rẹ láfẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ iná ni.

Àwọn tó ti ṣe é tó tóbi ju tiwa lọ bá wàhálà kan náà pàdé. Ní Gumi, ní Kòríà Gúúsù, bọ́ọ̀sì èrò bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná láti inú títì lọ́dún 2013, lójú ọ̀nà tó jẹ́ kìlómítà 24 ní àlọ àti àbọ̀. Àlàfo ilẹ̀ sí ọkọ̀ níbẹ̀ nígbà náà jẹ́ sẹ̀ntímítà 17, kílówáàtì 100 ló ń gbà á kọjá, ìdá 85 nínú 100 iná tí wọ́n rán ló sì ń dé inú ọkọ̀. Ní Milton Keynes, ní Ìlú Ọba, tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014, awakọ̀ máa ń dúró sójú àmì nígbà náà, á wá sọ àwo abẹ́ bọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí ó lè sún mọ́ ilẹ̀. Èmi fẹ́ràn ti ọkọ̀ ojú irin jù. Wọ́n dán tírámù, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, tó ń gba iná láti abẹ́ ilẹ̀ wò ní Augsburg, Jámánì, lọ́dún 2010. Ojú irin ti di ẹsẹ̀ tírámù mú, kò lè yà sí gọ́tà láéláé. Kẹ̀kẹ́ kò ní ojú irin, ìdí nìyẹn tí mo fi kan igi méjì mọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí táyà ẹ̀yìn lè máa gba àárín wọn. Ìdí tí mi ò fi lo irin wà nínú ìbéèrè tó kàn.

Bọ̀dá, pádì gbóná gan-an, mo sì ń gbọ́ òórùn bíi rọ́bà tó ń jó. Kí ni kí n ṣe?

Pa á, wa kẹ̀kẹ́ kúrò lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí o tó pè mí. Irin ló bọ́ síbẹ̀.

Òòfà yẹn kò mọ òṣùká yàtọ̀ sí ìdérí ìgò mínírà. Irin yòówù tó bá pàdé, á gbé iná sínú rẹ̀, iná náà kò sì ríbi lọ, ló bá di ooru. Ìdérí ìgò kan tí ẹnìkan jù sílẹ̀ ló ṣe wá bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá. Nígbà tí mo fi igi yí i kúrò, ó ti jó àmì róbótó sára rọ́bà, gbogbo eyín etí rẹ̀ ló hàn níbẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ ya á. Ìṣó, bébà tó ń dán nínú páálí sìgá, ọ̀rá bisikíìtì tí inú rẹ̀ dà bí fàdákà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Má fọwọ́ kàn wọ́n. Pádì ńlá àwọn onílé-iṣẹ́ máa ń ní ojú tó ń ṣọ́ irin, tí á pa iná fúnra rẹ̀. Tiwa kò tíì ní, ìgbálẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbá ojú pádì kí ẹ tó gùn ún, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóòjọ́.

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo ṣe. Iná tàn, àmọ́ bátìrì ń gòkè bí ìgbín.

Wákàtí wo ni? Bó bá jẹ́ alẹ́, ẹ̀bi kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́. Fóltì 230 ló yẹ kí iná ìjọba jẹ́. Nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná, tí gílóòbù wá pọ́n bí òwú àtùpà, mítà mi máa ń ka 160, nígbà míràn kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń bọ́ pádì á sì dín agbára kù kó má baà jóná. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ láti fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gé irun bọ́ ọ, kò lè gbé e. Ọ̀sán ni kí o wá.

Ṣírò rẹ̀ báyìí: kílówáàtì 2 ni pádì wa ń rán wọlé nígbà tí iná bá péye. Fún ìdajì wákàtí, yúníìtì 1 nìyẹn. Bátìrì rẹ, fóltì 60, ámpù 100 fún wákàtí kan, gba yúníìtì 6. Oúnjẹ àárọ̀ kan ṣoṣo ń dá ìdá kan nínú mẹ́fà bátìrì padà. Bí ó bá kéré sí èyí lọ́sàn-án gangan, so kẹ̀kẹ́ mọ́ ṣájà oníwáyà. Bó bá ń falẹ̀ níbẹ̀ náà, bátìrì ló ti dàgbà. Bó bá ń yára níbẹ̀, padà sí ẹyọ ìgbálẹ̀.

Bátìrì olómi ni tèmi. Ṣé ó lè lo pádì?

Ó lè lò ó. Máa ṣí ìbòrí àga sílẹ̀ tó bá fẹ́ kún, torí gáàsì tó ń jáde nígbà yẹn lè gbiná. Omi bátìrì ni kí o máa fi kún un, kì í ṣe ti kànga.

Òjò ń rọ̀, omi ti bo pádì. Ṣé kò ní gbé wa?

Kò ní gbé yín. Omi òjò kì í dá òòfà dúró, kò sì sí ojú wáyà kankan níta tí omi lè kàn. Ó sàn ju ṣọ́kẹ́ẹ̀tì lọ ní ti èyí. Àmọ́ bí kọ́ńkéré bá sán, ẹ má gùn ún mọ́ títí n ó fi dé.

Ọmọ mi, mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ yín lọ sọ́jà. Ohun tó ń jáde láti ilẹ̀ yìí, ṣé kò ní ṣe àgbàlagbà tàbí aláboyún ní nǹkan?

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, Ìyá. Èrò kì í jókòó sínú kẹ̀kẹ́ nígbà tó bá ń gba iná. Òfin tí mo fún àwọn awakọ̀ nìyẹn, mi ò sì ní yí i padà. Ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣọ́ irú agbára báyìí, ICNIRP, fi ìwọ̀n lélẹ̀ lọ́dún 2010: níbi tí ará ìlú bá lè dúró sí, òòfà irú èyí tí à ń lò kò gbọdọ̀ ju microtesla 27 lọ. A tẹ́ páànù alumíníọ́ọ̀mù sáàárín òṣùká àti àga kí ó má baà gòkè. Ẹni tí dókítà bá ti fi ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ sí láyà, kí ó jìnnà sí pádì tó bá ń ṣiṣẹ́, kí ó sì bi dókítà rẹ̀ léèrè kí ó tó wọ ọkọ̀ wa rárá.

Ṣé a lè sin ín sí gbogbo ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀, kí bọ́ọ̀sì máa gba iná bó ṣe ń sáré lọ? Ọkọ̀ ojú irin ńkọ́?

Alága, ẹ kú àbójútó. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ní Gumi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìdá 5 sí 15 nínú 100 ojú ọ̀nà ni wọ́n sin wáyà sí, apá kọ̀ọ̀kan kì í sì í tan àfi tí bọ́ọ̀sì bá dé orí rẹ̀. Ní erékùṣù Gotland, ní Sweden, kìlómítà 1.6 ni. Ní Detroit, Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí tiwọn ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ó tó nǹkan bí mítà 400 lójú títì kan. Ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀ gùn jù wọ́n lọ fíìfíì, tírélà sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tọ̀sántòru. Títì tí a ń dí kòtò rẹ̀ lọ́dọọdún, wáyà inú rẹ̀ kò ní pẹ́ já.

Ní ti ojú irin, kò dé Ifẹ̀, kò dé Iléṣà, Òṣogbo nìkan ló gbà kọjá nítòsí wa. Blue Line ti Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ń fa iná láti ara irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ìyẹn dára níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ kò lè dé. Àárín ìlú tí ọmọdé ti ń sọdá kò gba irin tó ní iná lára. Ẹ sì fojú inú wo Ẹnuwá, iwájú ààfin Ọọ̀ni, pẹ̀lú òpó àti wáyà tírámù tó ta kókó lókè orí àwọn tó wá kí Kábíyèsí. Abẹ́ ilẹ̀ ni iná irú ibẹ̀ yẹ kó gbà.

Ohun tí pádì kan ṣoṣo yìí ti fi hàn mí ni pé ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró de èrò ló yẹ kí iná ti bá a. Pádì Milton Keynes jẹ́ kílówáàtì 120: ìṣẹ́jú mẹ́wàá níparí ọ̀nà, yúníìtì 20 ti gbéra láti ilẹ̀. Ní gáréèjì yín, bọ́ọ̀sì ń tò de ìgbà tí yóò kàn án pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ fún akọ̀wé yín ní ìwé kan. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó kọ àkókò tí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan dé àti àkókò tó jáde, kí ó sì fi ẹfun sàmì síbi tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ dúró sí. Bí ẹ bá ti ní i lọ́wọ́, ẹ pè mí, èmi yóò gbé tépù wá sí Iléṣà ká jọ wọn ilẹ̀ náà.