Bí mo ṣe tún kúnlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 18

Ọdún 2005 ni orúnkún òsì mi bàjẹ́, nígbà tí mò ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá fún ilé ìwé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fò sókè láti ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ẹsẹ̀ kan ni mo fi balẹ̀, orúnkún sì yí sínú. Mo gbọ́ tó dún pó. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti wú bí orí ọmọ ọwọ́. Omi gbígbóná ni wọ́n fi jó o nílé, wọ́n sì fi òrí wọ́ ọ gidi. Omi tútù àti ìsinmi ló yẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀? Lẹ́yìn oṣù méjì mo ti ń rìn, gbogbo wa sì gbà pé ó ti san.

Télọ̀ ni mí báyìí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni mo fi ń wa maṣíìnì. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, orúnkún òsì á yẹ̀ lójijì. Lásìkò ọyẹ́, ó máa ń le gan-an láàárọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ìkúnlẹ̀. Ìyá ọkọ mi ò ráhùn rí, ṣùgbọ́n mo fetí ara mi gbọ́ tí àbúrò wọn ń sọ pé, "Ṣé wọn ò kọ́ ìyàwó yìí ní ìkíni nílé wọn ni?" Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ó ku oṣù mẹ́ta kí ìyá ọkọ mi pé 80 ọdún. Mo gba ọ̀dọ̀ físíò lọ, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìmárale tọ́jú ara. Ó di ojúgun mi mú, ó fà á síwájú, ó sì yọ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Iṣan tó so egungun itan mọ́ ojúgun ti já láti ọjọ́ náà, kò sì so padà. Fọ́tò X-ray fi hàn pé àyè àárín egungun méjèèjì ti ń dín kù. Ó wá ní kí n mú téèpù mi wá. Ó wọn itan mi níbi tó fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga ju orúnkún lọ: ọ̀tún 52, òsì 48 àti ààbọ̀. Èmi tí mò ń wọn ara èèyàn látàárọ̀ dalẹ́!

Físíò ní, "Màmá, ẹran itan yìí ló yẹ kó máa bá orúnkún gbé yín. Ẹ̀ ń ṣìkẹ́ ẹ̀, ó sì ń rù."

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ orúnkún, mò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, màá ka ení dé àrún, ìgbà 10. Lẹ́yìn náà ni gbígbé ẹsẹ̀ sókè ní nínà. Lẹ́yìn ìyẹn, mò ń dìde lórí àga maṣíìnì láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Búlọ́ọ̀kù iwájú ṣọ́ọ̀bù ló le jù: gígùn ún rọrùn, ṣùgbọ́n kéèyàn rọra sọ̀ kalẹ̀, kó má jábọ́, itan mi á máa gbọ̀n. Físíò ní tó bá dùn mí díẹ̀ lásìkò náà, kò burú, àmọ́ tó bá wú lọ́jọ́ kejì, kí n dín in kù. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo ru ẹrù aṣọ láti Ọjà Jagun, ó sì wú. Mo fi aṣọ wé omi dídì, mo gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15, mo sinmi ọjọ́ mẹ́ta, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ìkúnlẹ̀ fúnra ẹ̀, orí ìrọ̀rí méjì ni mo ti kọ́ ọ, ó di ọ̀kan, ó di ẹní.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, orúnkún ọ̀tún ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, òsì tẹ̀ lé e. Ìyá di ìgúnpá mi mú. "Ìyàwó mi, dìde, ó tó." Mi ò tíì fẹ́ dìde.

Òsì ti di 50 àti ààbọ̀. Ọyẹ́ ṣì ń mú un le, búlọ́ọ̀kù náà ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo Sátidé ni mò ń wọn itan mi kí n tó ṣí maṣíìnì.