Kí ẹ tó gé bébà yín

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń fúnra yín tẹ ìwé àwòrán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo ibi tí fọ́nrán inú bébà gbà kí ẹ tó gé e. Òun ló ń jẹ́ kí ìwé kan ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, kí òmíràn sì máa pa dé bí ẹni tó ń bínú.

Ẹ tẹ bébà kan díẹ̀ lóròó, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ níbùú, ẹ má ṣáà jẹ́ kó ká. Ọ̀nà tó bá ti rọ̀ jù, fọ́nrán bá ojú ìtẹ̀ yẹn rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ bá ẹ̀yìn ìwé yín, níbi tí ẹ ti dè é pọ̀, rìn.

Ọ̀pọ̀ A4 inú páálí, gígùn ni fọ́nrán rẹ̀ gbà. Tí ẹ bá ká a sí méjì kó di A5, ojú ìká ti dábùú fọ́nrán nìyẹn. Bébà fẹ́lẹ́ 80 gíráàmù (ìwúwo rẹ̀ ní mítà onígun mẹ́rin kan) á gbà á mọ́ra. Èèpo ìwé 250 gíráàmù tí ẹ kun dúdú bò á sán lójú ìká, funfun á sì yọ. Ẹ wá A3, tó tó A4 méjì, tí fọ́nrán rẹ̀ gba gígùn, kí ẹ gé e sí méjì; fọ́nrán á wá bá ojú ìká rìn. Ní Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí l'Ékòó, ẹ tètè sọ ibi tí ẹ fẹ́ kí fọ́nrán gbà fún ẹni tó ń gé e, torí kí bébà má ṣòfò ni tirẹ̀.

Tí ẹ bá ti fi sítépùlù dè é tán, ẹ tún etí rẹ̀ gé. Ewé àárín máa ń yọ síta.