Ìdìbò Oṣù Kẹrin Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mú

Onídìrí ni mí, ní àríwá St. Louis County, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ẹni tó bá fẹ́ dirun wẹ́wẹ́ á jókòó tì mí fún wákàtí márùn-ún, kò sì sí ohun tí a kì í sọ. Láti 2014 tí ọlọ́pàá ti yìnbọn pa Michael Brown, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ní Ferguson, ọ̀kan lára àwọn ìlú inú county yìí, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n bí mo bá ti ya orí wọn tán: ṣé wọ́n dìbò ní Oṣù Kẹrin? Ọ̀pọ̀ á ní Oṣù Kọkànlá làwọn máa ń dìbò, lọ́dún tí wọ́n bá ń yan ààrẹ.

Ẹ̀yin ará mi, Oṣù Kẹrin ni wọ́n ń yan méyọ̀, kánsẹ́lọ̀ àti ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìwé ọmọ yín. Ní Oṣù Kẹrin 2013, nínú 100 olùdìbò ní Ferguson, bíi 12 ló jáde. Aláwọ̀ dúdú tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìlú náà, àmọ́ nínú kánsẹ́lọ̀ mẹ́fà, ẹyọ kan ṣoṣo ni tiwa. Àwọn kánsẹ́lọ̀ yìí ló ń fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì tí owó ìtanràn kún inú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ṣèwádìí, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní Oṣù Kẹta 2015. Ìtàn obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà nínú àbọ̀ náà, tó gbé mọ́tò síbi tí kò yẹ ní 2007. Ìtanràn $151 ni, yàtọ̀ sí àwọn owó mìíràn tí wọ́n fi kún un. Nígbà tí 2014 fi máa parí, ó ti san $550, ó ti sun àtìmọ́lé ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n sì ní ó ṣì ku $541. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀.

Ní Oṣù Kẹrin 2015, bíi 30 nínú 100 jáde. Ella Jones àti Wesley Bell wọlé, aláwọ̀ dúdú di mẹ́ta nínú mẹ́fà. Ní 2018, Bell du ipò agbẹjọ́rò ìjọba fún county, ó sì borí ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti 1991. Jones du ipò méyọ̀ ní 2017, kò wọlé. Ó padà wá ní 2020, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Ferguson yàn sípò náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é. Bí gríìn káàdì ni ẹ ní, ẹ má dìbò, ẹ má sì forúkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín níbi tí ẹ ti ń gba láísẹ́ǹsì bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ẹ ní rárá, torí ó lè lé yín kúrò nílùú yìí. Àmọ́ ẹ lè lọ jókòó sípàdé kánsù, ẹ sì lè fi mọ́tò gbé àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ lọ dìbò.

Ẹni tó bá ti gba ìwé ọmọ ìlú, Wednesday kẹrin ṣáájú ọjọ́ ìdìbò ni òpin ìforúkọsílẹ̀. Bí ẹ bá ti kó kúrò nílé, ẹ lọ tún àdírẹ́sì ṣe. Ìlú kéékèèké tó wà nínú county yìí pọ̀ débi pé títì kan ṣoṣo tí ẹ bá kọjá lè gbé yín sí ìlú mìíràn. Ẹ wo ìwé ìdìbò yín ṣáájú lórí ìkànnì Board of Elections, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò ní county yìí, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ síbì kan, torí wọn kì í kọ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú sí ti Oṣù Kẹrin. Ẹ mú láísẹ́ǹsì tàbí pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà yín dání.

Ti ilé ìwé ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, pe agbègbè ilé ìwé Ferguson-Florissant lẹ́jọ́ ní 2014, torí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dìbò kì í jẹ́ kí ẹni tí aláwọ̀ dúdú fẹ́ wọlé. NAACP jàre. Ní báyìí, bí ìjókòó mẹ́ta bá ṣí sílẹ̀, ìbò mẹ́ta lẹ ní, ẹ sì lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹnì kan. Ìlẹ̀kẹ̀ irun ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi: mo lè fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìdì mẹ́ta, mo sì lè kó gbogbo rẹ̀ sí ìdì kan.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà láàárín àwa ọmọ Yorùbá. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú pípe àwọn tí a bá níbí ní akátà. Àwọn òbí wọn ló jẹ kùmọ̀ ọlọ́pàá ní Selma, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní 1965 kí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò tó jáde. Àwa nìkan ò tó yan kánsẹ́lọ̀ kan. Ọlọ́pàá tó dá mi dúró lóru nítorí iná ẹ̀yìn mọ́tò kò bi mí bóyá Ìjẹ̀bú ni mo ti wá.

Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ẹni mẹ́wàá sílẹ̀, tiwa àti tiwọn, kí ẹ máa pè wọ́n lọ́jọ́ ìdìbò. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, aago méje alẹ́ ni wọ́n ń tì í, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wà lórí ìlà á dìbò. Lọ́dún kan, oníbàárà mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kò gbé fóònù títí aago mẹ́fà fi kọjá. Iṣẹ́ òru ló ṣe, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Mo ní kó wọ bàtà, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Fìlà tó fi sùn ṣì bo irun tí mo dì fún un. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago méje lù nígbà tí a tò sẹ́yìn ìlà.