Bí A Ṣe Ń Ṣẹ̀dá Ọmọ-Ogun fún Ayé Inú Ìtàn: Ẹ Wá Ibi tí Agbára Wọn Pin Sí

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ìtàn àròsọ tí ogun wà nínú rẹ̀, mo kó ẹlẹ́ṣin 10,000 jáde, mo kó wọn gba inú igbó kìjikìji kọjá ní ọjọ́ mẹ́ta, mo sì rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, àgbẹ̀ tó ń gbé Àjàṣẹ́-Ìpo, ní kí n kà á sí òun létí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Nígbà tí mo parí, kò sọ ohunkóhun nípa idà, kò sì sọ ohunkóhun nípa àwọn akọni tí mo kọ oríkì fún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Àwọn ẹṣin yìí, kí ni wọ́n ń jẹ ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" Mo ní, "Bàbá, ìtàn ni o." Ó ní, "Mo mọ̀ pé ìtàn ni. Ẹṣin inú ìtàn kì í jẹun ni?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ọ̀nà tí mo ń gbà ṣẹ̀dá ogun padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń kọ irú ìtàn yìí ní èdè Yorùbá ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ọmọ-ogun wa lè ṣe: iye tí wọ́n jẹ́, bí idà wọn ṣe mú tó, ẹranko abàmì tí wọ́n ń gùn. Ohun tí wọn kò lè ṣe ni èmi kọ́kọ́ máa ń wá báyìí, nítorí pé ibi tí agbára ogun bá pin sí ni ọ̀tá ti máa ń wá ọ̀nà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni òǹkàwé ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù fún àwọn ènìyàn inú ìtàn.

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹni tó bá ń gbé Ìlọrin kò nílò láti lọ jìnnà kó tó rí àpẹẹrẹ. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ Ìlọrin, ilẹ̀ tó tẹ́jú tí koríko sì pọ̀ sí, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi jẹ́ òpó ogun rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí wọ́n ti jẹ́ fún Ọ̀yọ́ Ilé ṣáájú rẹ̀. Bí irú ogun bẹ́ẹ̀ bá ti wá dojú kọ igbó ní ìhà gúúsù, agbára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín, torí pé igi kì í jẹ́ kí ẹṣin rí ibi sáré, eṣinṣin tsetse tó ń mu ẹ̀jẹ̀ sì ń kó àrùn tó ń pa ẹṣin ràn wọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn Ìbàdàn kọlu ibùdó ogun Ìlọrin lóru nítòsí Òṣogbo, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Àwọn ẹlẹ́ṣin náà kò di ojo lójijì o. Ibi tí wọ́n wà àti wákàtí tí ọ̀tá ká wọn mọ́ ló yàtọ̀, nítorí ẹṣin orí ìso lóru kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ewúrẹ́ orí ìso lọ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi òkè àti odò ṣe ọ̀ṣọ́ lásán lórí àwòrán ilẹ̀ yín. Ní ẹ̀gbẹ́ odò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ oṣù tí ẹsẹ̀ lè là á kọjá àti oṣù tí kò ṣeé là kọjá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí àwọn Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn tó bá wọn pawọ́ pọ̀ ní Ìkìrun, odò Ọ̀tìn ló gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá, débi pé Jálumi ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe ogun náà títí di òní. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ kọ ibi tí omi mímu wà, nítorí òkè tí kò ní omi kò lè gba ènìyàn là ju iye ọjọ́ tí omi inú àmù wọn bá lè tó. Àwọn ará Ìgbómìnà àti Èkìtì tó mọ òkè wọn bí ẹní mọ ẹ̀yìn ilé kò ní ṣe àṣìṣe yìí, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n fi ayé kan tí mo ń ṣẹ̀dá lọ́wọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú Ọ̀dànlá wà lórí ilẹ̀ koríko, àwòdì ńlá sì ni àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ ń gùn, ẹyẹ tí ìbú apá rẹ̀ tó ilé oníyàrá méjì. Ìlú Ẹgàn wà nínú igbó ní gúúsù, kò sì ní ẹyẹ kankan. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ìtàn níbẹ̀: Ọ̀dànlá á fò lọ, á jó Ẹgàn, àwọn ènìyàn rẹ̀ á sì padà wá jẹun alẹ́ nílé. Mo wá rántí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo ní kí àwòdì kan máa jẹ ewúrẹ́ kan lóòjọ́. Àwòdì 200 á jẹ ewúrẹ́ 200 lóòjọ́, á sì jẹ 6,000 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ewúrẹ́ 6,000 kì í fò. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn, darandaran ló ń dà wọ́n, wọ́n sì ń dúró jẹ koríko lójú ọ̀nà. Bí ogun tó yẹ kó yára bí ìjì ṣe di ogun tó ń rìn bí agbo ẹran nìyẹn. Láti Ìlọrin dé Ọ̀fà kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà àti díẹ̀ lọ, ọkọ̀ lè gbé yín débẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí kan, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti fojú inú wo ẹni tó fẹ́ da ewúrẹ́ 6,000 gba ọ̀nà náà.

N kò dúró síbẹ̀. Ojú ni àwòdì fi ń ṣọdẹ, nítorí náà bí ọyẹ́ bá mú, tí eruku bo ojú ọ̀run bí ìgbà tí a kì í rí òkè Sóbí láti àárín ìlú Ìlọrin, àwòdì kò wúlò. Bákan náà, ọdún méje ni wọ́n fi ń tọ́ ọ̀kan kó tó gbà kí ènìyàn jókòó sí òun lẹ́yìn, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀gágun tó bá pàdánù ogún ẹyẹ ní ọjọ́ kan kò ní rí àrọ́pò wọn títí ogun náà á fi parí. Irú ọ̀gágun bẹ́ẹ̀ á máa lọ́ra. Ìlọ́ra rẹ̀ yìí gan-an ni mo wá fi ṣe ìwà rẹ̀ nínú ìtàn, láìṣe pé mo wá ìwà náà láti ibòmíràn.

Oúnjẹ ènìyàn náà ní ìṣirò tirẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi bírò ṣe é lórí ìwé, ẹ má fi orí ṣe é. Ká ní ọmọ-ogun kan ń jẹ èlùbọ́ kílò kan lóòjọ́, kí aláàárù kan sì lè ru kílò 25. Aláàárù náà ní ikùn. Bí ibùdó bá jìnnà tó ìrìn ọjọ́ márùn-ún, á jẹ kílò márùn-ún ní àlọ, á sì di márùn-ún mọ́ra fún àbọ̀, nítorí náà kílò 15 péré ló máa sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ-ogun 1,000 tó ń jẹ kílò 1,000 lóòjọ́ nílò aláàárù 67 tó ń dé lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń lò ní àlọ àti àbọ̀, èyí tó jẹ́ pé aláàárù 670 gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà nígbà gbogbo. Bí ẹ bá wá sún ibùdó náà dé ìrìn ọjọ́ 12, kílò kan péré ló máa ṣẹ́ kù nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan. Kò sí akọni tí èyí kò ní dá padà sílé.

Ọ̀nà àbáyọ tó kù fún irú ogun bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: kí ó máa kó oko olóko, tàbí kí ó jókòó kí ó dá oko tirẹ̀. Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, fi èyí hàn kedere. Àwọn Ìbàdàn pàgọ́ sí ìhà Ìgbájọ, àwọn Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó bá wọn pawọ́ pọ̀, pàgọ́ sí ìhà Ìmẹ̀sí, ibùdó méjèèjì sì dà bí ìlú, wọ́n ní ilé, wọ́n sì ní oko. Àdéhùn àlàáfíà ti wà ní 1886, síbẹ̀ ọdún 1893 ni àwọn ọmọ-ogun tó túká tán. Ẹ ro ọmọ tí wọ́n bí sí irú ibùdó bẹ́ẹ̀, tó dàgbà débi pé ó lè ru ọta ìbọn, tí wọ́n wá sọ fún un pé ogun ti parí, kí ó máa lọ sí ilé. Ilé wo? Mo ti rí ìwé àfọwọ́kọ tó pọ̀ tí ogun wọn gba ọdún mẹ́wàá láìsí ọmọ kan ṣoṣo ní ibùdó.

Lórí ohun ìjà, n kò ní sọ púpọ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń sọ àsọjù. Ẹ mọ ẹni tó ń rọ ọ́ àti ibi tí irin rẹ̀ ti ń wá, ó tó. Ìtàn tí a gbọ́ ní Ìlọrin ni pé ara òkúta tí wọ́n ń lọ irin lórí rẹ̀ ni orúkọ ìlú ti jáde. Ìlú ogun gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó ń pọ́n irin. Bí ẹ bá sì fẹ́ mú ohun ìjà tuntun wọ inú ìtàn, ẹ jẹ́ kó ti ọwọ́ ẹnì kan wá. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ló fi ìbọn tí a ń ti ẹ̀yìn kì ránṣẹ́ sílé nígbà Kírìjì, ìyẹn ló sì yí ogun náà padà. Ní oṣù kejì ọdún 1897, àgbá àti ìbọn Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ló dojú kọ ẹṣin Ìlọrin, ọ̀dàn tó ti ń gbe ẹlẹ́ṣin láti ìgbà pípẹ́ sì di gbangba tí kò sí ibi ìfarapamọ́.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń fò kọjá: ọba á pàṣẹ, gbogbo ọmọ-ogun á sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlọrin ní Balógun mẹ́rin, Gàm̀bàrí, Fúlàní, Àjíkòbí àti Àlànámú, oyè wọn ṣì wà títí di òní, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì ní àdúgbò àti àwọn ènìyàn tirẹ̀. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ọmọ-ogun mọ Balógun rẹ̀ kó tó mọ ọba. Ẹ bi ara yín pé: bí Balógun kan bá ní ara òun kò yá ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìjà, ta ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń pín ìkógun? Ta ni yóò tú ọmọ-ogun ká? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló le jù. Àfọ̀njá, tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, gba àwọn ọmọ-ogun tuntun mọ́ra láti fi dúró de Ọ̀yọ́. Nígbà tó fẹ́ ká wọn lọ́wọ́ kò, apá rẹ̀ kò ká wọn mọ́, ọwọ́ wọn ló sì kú sí. Oríṣiríṣi ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ìtàn yìí ní Ìlọrin, n kò sì fẹ́ dá sí ẹjọ́ náà níhìn-ín, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó bá ti gbọ́ ọ kò tún yẹ kó kọ ọmọ-ogun tí ń wọlé tí ń jáde bí omi ẹ̀rọ.

Ó ku oògùn. Àwọn baba wa ti yanjú ohun tó ń dààmú àwọn òǹkọ̀wé níbi gbogbo, nítorí kò sí ayẹta tàbí àféèrí tí kò ní èèwọ̀ tirẹ̀. Èèwọ̀ tó bá dí iṣẹ́ ogun gan-an lọ́wọ́ ló dára jù. Ní Ẹgàn, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí ogun lè pe kùrukùru kí ó bo gbogbo igbó, ṣùgbọ́n bó bá ti pè é, kò gbọdọ̀ la ẹnu sọ̀rọ̀ títí oṣù tuntun á fi lé. Ẹni kan ṣoṣo tó lè fi ogun pamọ́ ni ẹni tí kò wá lè pàṣẹ mọ́. Ìlù ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀, ìṣòro mìíràn sì bẹ̀rẹ̀, torí pé ohùn "ẹ dúró" àti ohùn "ẹ sáré" kò yàtọ̀ lórí dùndún. Ẹ fi ẹnu kùn ún wò. Ìdí nìyẹn tí àyàn fi máa ń na ọ̀rọ̀ gùn kó má baà rú ènìyàn lójú, ọ̀rọ̀ gígùn sì ń gba àkókò nígbà tí àwòdì ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àyàn náà di ẹni tí gbogbo ọ̀tá ń wá, mo sì ní láti yan ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà tì í.

Nígbà tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, kí ẹ tó kọ ìjà kankan, ẹ gbé àwòrán ilẹ̀ náà àti ìṣirò yín fún ẹnì kan tí kò ní ojú àánú, kí ẹ sì sọ pé òun ni ọ̀tá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo fún. Mo ṣàlàyé fún un pé Ọ̀dànlá ti pàgọ́ sí etí igbó, ọyẹ́ ká wọn mọ́ ibẹ̀, wọ́n sì ń dúró kí ojú ọ̀run mọ́. Mo rò pé á bi mí nípa àwọn àwòdì. Ó tẹjú mọ́ ìwé náà, ó ń fi ìdí bírò gbá eyín.

"Bọ̀dá, àwọn ewúrẹ́ yìí, kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Koríko."

"Koríko inú ọyẹ́? Ẹ ní kí àwọn ará Ẹgàn lọ sun pápá."

Mo padà sí orí kẹta, mo sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ báyìí pẹ̀lú obìnrin darandaran Ọ̀dànlá kan tó jí ní ìdájí, tó gbóòórùn èéfín, tó sì tún fà aṣọ bora padà, nítorí ó rò pé àwọn ọdẹ ni.